Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Dókítà Ṣe Ń Gbẹnusọ Lọ́dọ̀ Ilé-Iṣẹ́ Adójútòfò Ìlera àti Lọ́dọ̀ Àwọn Aṣòfin, àti Ibi Tí Ó Ti Kan Aláìsàn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ni wọ́n ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí lẹ́nu òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ní sùúrù, a ń dúró de kóòdù." Àwọn mìíràn ti gbọ́ pé oògùn tí dókítà kọ fún wọn kò sí lára ohun tí káàdì wọn lè san, tàbí pé kí wọ́n fi owó díẹ̀ kún un. Aláìsàn a máa rò pé dókítà tí ó wà níwájú òun ni ó fẹ́ ni òun lára. Nígbà mìíràn ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìpàdé kan ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti pinnu iye tí a ó máa san lórí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, tàbí òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni orísun ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí kọ̀ǹtà yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ni ó máa ń gbẹnusọ fún dókítà ní irú ibẹ̀. Ó yẹ kí ará ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí pé owó àti ẹ̀mí aláìsàn, ẹni tí kò sí nínú ìpàdé náà, wà lára ohun tí wọ́n ń jíròrò lé lórí.

Àwọn wo ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí?

Èyí tí ó gbòòrò jù lọ ni Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Nàìjíríà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NMA. Ó ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tiwa náà kò sì gbẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni MDCAN wà, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ẹ̀ka ìṣègùn kan. NARD ni ti àwọn dókítà tí wọ́n ṣì ń kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, àwọn tí aláìsàn sábà máa ń bá lẹ́nu iṣẹ́ ní òru. Àwọn dókítà tí wọ́n ní ilé ìwòsàn aládàáni náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó dá lé ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo: SOGON fún àwọn dókítà aboyún àti ìlera obìnrin, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, ti kíndìnrín, ti ojú, ti ọkàn, ti àwọn tí ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí ohun kan tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú. MDCN kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni, tí òfin gbé kalẹ̀ láti forúkọ dókítà sílẹ̀, láti fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, àti láti bá a wí bí ó bá ṣàṣìṣe. Ẹni tí dókítà bá tọ́jú ní ìtọ́jú àìbìkítà, MDCN ni kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí. Bí ó bá kọ ọ́ sí NMA, ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbèjà dókítà ni ó kọ ọ́ sí.

Kí ni ìwúlò àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí NMA ti wà? NMA lè béèrè fún owó oṣù tí ó péye àti ààbò ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣètò iye tí a ó san fún iṣẹ́ abẹ ìbímọ, dókítà aboyún ni ó mọ̀ pé iye náà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà sí obìnrin náà lára, akunilóorun, àti àyẹ̀wò ọmọ tuntun mọ́ra. Bí a bá yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, ọkọ obìnrin náà ni yóò máa sáré wá owó ẹ̀jẹ̀ kiri ní òru. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ yìí ni ó máa ń kọ ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e lọ síwájú àwọn tí ń ṣètò owó, láti fi hàn pé ohun báyìí báyìí ni ìtọ́jú náà ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ 750 náírà

Òfin tí ó kọ́kọ́ dá ètò adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari bọwọ́ lu òfin tuntun tí ó sọ àjọ náà di NHIA, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, OYSHIA ni àjọ tí ń bójú tó ètò náà.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni owó ń gbà dé ọwọ́ ilé ìwòsàn lábẹ́ ètò NHIA. Èkíní ni owó oṣooṣù lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní capitation. Ilé ìwòsàn tí ẹ yàn gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yín ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ kò ṣàìsàn. Inú owó yẹn ni yóò ti tọ́jú ibà, ikọ́, ọgbẹ́ kéékèèké àti irú wọn. Ọ̀nà kejì ni owó iṣẹ́ tí a ṣe, èyí tí ó wà fún ìtọ́jú tí ó bá ju agbára ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá tari aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí a mọ̀ sí HMO gbọ́dọ̀ fi kóòdù ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ kí ilé ìwòsàn tó lè retí owó iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni kóòdù tí a ń dúró dè ti wá.

Fún ohun tí ó ju ọdún méjìlá lọ, 750 náírà ni owó oṣooṣù lórí ènìyàn kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn bá yàn yóò gba 750,000 náírà lóṣù kan. Inú rẹ̀ ni yóò ti san owó dókítà àti nọ́ọ̀sì, yóò ra oògùn, yóò ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá, yóò sì tọ́jú gbogbo ẹni tí ó bá dé nínú ẹgbẹ̀rún náà. Ní ìgbà tí wọ́n fi iye yẹn lélẹ̀, ó lè ra nǹkan. Lẹ́yìn tí náírà ti já wálẹ̀ léraléra, tí owó oògùn tí ó ń ti òkè òkun wá sì ti gun òkè, 750 náírà kò tó ra pákẹ́ẹ̀tì oògùn ibà kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn.

Kí ni ilé ìwòsàn máa ń ṣe bí owó bá rí bẹ́ẹ̀? Àwọn kan a máa fún aláìsàn oníkáàdì ní oògùn tí ó pọ́ọ́kú jù lọ. Àwọn kan a máa jẹ́ kí ó jókòó pẹ́ títí tí àwọn tí ó fi owó tiwọn sanwó yóò fi tán. Àwọn mìíràn a máa béèrè fún àfikún owó tí ìlànà kò fi ọwọ́ sí. Owó tí ìlànà ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbà lọ́wọ́ aláìsàn jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye oògùn. A kò sọ èyí láti dá ilé ìwòsàn láre. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ra ìtọ́jú ní iye tí kò tó owó tí wọ́n fi ń pèsè rẹ̀ yóò gba ìtọ́jú tí kò péye, káàdì ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ dókítà aládàáni àti HCPAN, ẹgbẹ́ àwọn olùpèsè ìtọ́jú ìlera, ni wọ́n pariwo ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò ṣàjèjì: wọ́n kọ ìwé sí àjọ náà, wọ́n lọ sí ìpàdé pẹ̀lú àwọn HMO, wọ́n gbé ìṣirò iye owó ìtọ́jú kalẹ̀, wọ́n bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n sì halẹ̀ nígbà mìíràn pé àwọn yóò dáwọ́ títọ́jú àwọn oníkáàdì dúró. Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n fi kan àwọn HMO ni pé wọn kì í san gbèsè iṣẹ́ tí a ti ṣe ní àkókò. Àwọn HMO náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń kọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe sínú ìwé owó, èyí ni ó sì fà á tí àwọn fi ń yẹ ìwé wò fínnífínní kí àwọn tó sanwó. Òótọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wà lọ́wọ́ òsì.

Ní ọdún 2025, NHIA kéde pé owó oṣooṣù lórí ènìyàn kan ti di 1,450 náírà, èyí tí í ṣe àfikún ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó iṣẹ́ tí a ṣe sì lọ sókè ní ìdá 378 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ náà tún pa á láṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, HMO kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ kí ó tó dáhùn sí ìbéèrè fún kóòdù. Bí wákàtí náà bá kọjá láìsí èsì, ilé ìwòsàn lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí ó sì fi tó NHIA létí. Apá yìí ni ó wúlò jù lọ fún aláìsàn nínú gbogbo ohun tí a ti ń kà bọ̀. Ẹni tí ó bá wà lábẹ́ ètò NHIA, tí wọ́n sì mú dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí kóòdù, kí ó rán òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn létí àṣẹ wákàtí kan yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bí owó ti pọ̀ sí i, ìdí tí ilé ìwòsàn fi ń gba àfikún tí kò bófin mu ti dínkù. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jà fún àfikún náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí kò tíì jáwọ́ wí.

Ti àwọn dókítà kíndìnrín

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti kọṣẹ́ pátápátá sábà máa ń nílò kí a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní iye 50,000 náírà fún ẹ̀ẹ̀kan, 150,000 náírà ni lọ́sẹ̀ kan, 600,000 náírà ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìlànà ètò adójútòfò ti orílẹ̀-èdè sì ti pẹ́ tí ó fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré lélẹ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀, lórí èrò pé kíndìnrín tí ó ṣàárẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀ẹ̀mẹ́fà jẹ́ fún ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé á di títà, ọkọ̀ á di títà, a sì máa ń rí àwọn tí wọ́n dín ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kù sí ẹ̀ẹ̀kan, títí ara wọn kò fi ní lè gbà á mọ́.

Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́bọ̀ kejì nínú Oṣù Kẹta tí í ṣe Àyájọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé, àwọn dókítà kíndìnrín máa ń tún ẹ̀bẹ̀ kan náà bẹ̀ pé kí ìjọba àti àjọ adójútòfò gbé ẹrù fífọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí aláìsàn. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí i pé kí owó fífọ ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ láti 50,000 sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. 36,000 náírà ni èyí jẹ́ lọ́sẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ púpọ̀ sí 150,000. Àwọn dókítà nìkan kọ́ ni ó béèrè fún un. Ìdílé àwọn aláìsàn, àwọn oníròyìn àti àwọn aṣòfin náà sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àwọn dókítà ni ó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n lè sọ iye ẹni tí ó dé àti iye ẹni tí kò padà wá mọ́. Ibi tí irú ẹgbẹ́ báyìí ti wúlò jù lọ nìyẹn, àní ju ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó oṣù lọ.

Níwájú àwọn aṣòfin

Àpẹẹrẹ kan ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí àbádòfin rẹ̀ ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù Ààrẹ kò tẹ̀ ẹ́. NMA àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi bọwọ́ lù ú ní ọdún 2014. Abala ogún òfin yìí sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ó wà ní ipò pàjáwìrì sílẹ̀ fún ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì ni ìjìyà rẹ̀. Òfin kan náà ni ó sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù kì í ṣe owó. Inú ìsúná ọdún 2018 ni owó náà ti kọ́kọ́ fara hàn, lẹ́yìn ariwo ọdún mẹ́rin. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba òfin tán tí ó sì lọ sùn, bébà lásán ni yóò rí.

Ẹ̀yin olùkà yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ni ó fara mọ́ òfin náà nígbà yẹn. JOHESU, àkójọpọ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, onímọ̀ àyẹ̀wò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, ta kò ó lórí pé ó gbé dókítà ga ju àwọn lọ. Ìjà yẹn kò tíì tán títí di òní. Nígbà tí ẹgbẹ́ dókítà bá ń sọ pé ohun tí àwọn ń béèrè yóò ṣe aláìsàn láǹfààní, ó tọ́ kí aṣòfin bi í léèrè bóyá aláìsàn ni ó kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀, tàbí ipò tirẹ̀.

Nígbà mìíràn, dídá àbádòfin dúró ni iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹrin ọdún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ka àbádòfin kan lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson láti Ìpínlẹ̀ Èkó gbé wá. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a má ṣe fún dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà ní ìwé àṣẹ kíkún àfi lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún nílé. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: owó aráàlú wà nínú ẹ̀kọ́ dókítà, àwọn dókítà sì ń rọ́ lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. NMA àti NARD fèsì pé ó fi òmìnira ẹni du ẹni, ó sì mú dókítà nìkan nínú gbogbo oníṣẹ́ tí owó ìjọba kọ́. NARD fi yíyọ àbádòfin náà kúrò mọ́ ohun tí ó ń béèrè nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní ọjọ́ 17 Oṣù Karùn-ún ọdún náà. Sáà ilé ìgbìmọ̀ kẹsàn-án parí ní Oṣù Kẹfà láìjẹ́ pé àbádòfin náà di òfin. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà lórí ìṣíkiri àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ní Oṣù Kejì ọdún 2025 ni Ààrẹ sì fọwọ́ sí i pé kí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń tọ́jú aláìsàn kúrò ní 60 lọ sí 65, ohun kan tí MDCAN àti NMA ti ń béèrè tipẹ́. Ọ̀nà yìí dára ju ti ipá lọ lójú òǹkọ̀wé yìí: kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ dúró ṣáájú kí a tó ronú bí a ó ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì wúwo. Ó jẹ́ ohun ìjà tí ó máa ń tètè gba èsì, àwọn tí wọ́n sì ń fara gbá a jù lọ ni àwọn tí kò lówó láti gba ilé ìwòsàn aládàáni lọ. A kò lè gbójú fo èyí.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa

Kò yẹ kí a da ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. UCH jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Owó oṣù àti ìlànà rẹ̀ ń ti Àbújá wá. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Adéọ̀yọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní àwọn ìlú yòókù jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Lórí ti àwọn wọ̀nyí, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ẹ̀ka NMA ti Ọ̀yọ́ ń bá jíròrò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó wà ní Agodi ni ó sì ń ṣe òfin wọn. Àṣẹ wákàtí kan lórí kóòdù tí a sọ lókè jẹ́ ti NHIA. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ OYSHIA, kí ó béèrè ìlànà tirẹ̀ lọ́wọ́ OYSHIA gan-an, nítorí owó ìforúkọsílẹ̀ àti ohun tí ètò náà ń san fún lè yàtọ̀.

Nígbà tí àbádòfin ìlera bá dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n a kà á lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, wọn a sì fà á lé ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó máa ń pe ìjókòó ìta gbangba láti gbọ́ èrò aráàlú, kí àbádòfin náà tó padà fún kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ó sì tó lọ sí iwájú Gómìnà fún ìbuwọ́lù. Ẹ̀ka NMA kì í pa ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ. Wọ́n a mú agbẹjọ́rò wá, wọ́n a mú ìwé èrò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ wá, wọ́n a sì ti yọjú sí àwọn aṣòfin kan ṣáájú ọjọ́ náà. Àga tí ó wà fún aláìsàn sábà máa ń ṣófo. Kò sí òfin tí ó dí i lọ́wọ́. Àìmọ̀ ọjọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, tàbí ìdílé tí ó ní aláìsàn kíndìnrín lè kọ ìwé èrò tiwọn, ojú ìwé kan péré ti tó: kí wọ́n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn, iye tí wọ́n san, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí òfin náà ṣe.

Bí ẹjọ́ yín bá jẹ mọ́ HMO tàbí ilé ìwòsàn tí kò tẹ̀lé ìlànà, ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí tí wọ́n béèrè fún kóòdù àti wákàtí tí ó dé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì owó tí wọ́n gbà. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì NHIA, ẹni tí ó wà lábẹ́ ti ìpínlẹ̀ yóò gbé e lọ sí OYSHIA. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí ìjókòó ìta gbangba lórí ọ̀rọ̀ ìlera yóò wáyé, kí ó béèrè ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Agodi, tàbí lọ́wọ́ aṣòfin tí ń ṣojú ẹkùn rẹ̀.